Iṣẹ́ kan náà, létà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ló ń fa ìjà láàárín àgbà sítááfù àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?

Ìdí ẹ̀rọ kan náà lèmi àti ẹ̀gbọ́n kan jọ ń dúró sí nígbà yẹn, ní ilé iṣẹ́ kan lápá Ọ̀tà, a jọ ń ṣe ṣíìfù alẹ́, a jọ ń to páálí, tí ẹ̀rọ bá sì há, àwa méjèèjì la jọ máa tú u. Nígbà tó di ìparí ọdún wọ́n pín ìrẹsì. Ẹ̀gbọ́n gba odidi àpò kan, kẹ́ẹ̀gì òróró kan àti adìyẹ, èmi gba àpò kékeré tí ò ju kílò mẹ́wàá lọ, àwọn kásúà tó ń kẹ́rù sínú ọkọ̀ ò gba nǹkan kan. Mi ò bá ẹ̀gbọ́n jà lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ inú ń bí mi débi pé mi ò dá sí i fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, òun náà sì rí i. Ìgbà tó yá ló wá bi mí pé, "Àbúrò, ṣé èmi ni mo kọ létà tí wọ́n fún ẹ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní, torí ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn èèyàn tó sọ ara wọn di ọ̀tá níbi iṣẹ́ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú létà ìgbàsíṣẹ́ yẹn wò, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé oríṣi òṣìṣẹ́ méjì péré ló wà, àgbà àti tuntun, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ọgbà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ẹ lè rí oríṣi ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún, káàdì tí wọ́n ń fi kọ́rùn gan-an lè ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní káàdì.

Kásúà ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Owó ojúmọ́ tàbí owó ọ̀sẹ̀ ló ń gbà, kò ní líìfù, tó bá ṣàìsàn lónìí owó tòní ti lọ nìyẹn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, sọ ní abala 7 pé kó tó ju oṣù mẹ́ta lọ téèyàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ orúkọ ilé iṣẹ́, irú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, iye owó ẹ̀, wákàtí iṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe lè fòpin sí i. Ẹ wá wo ohun táwọn kan ń ṣe: tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n á ní kí kásúà lọ sinmi nílé ná, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á tún pè é padà bí ẹni tí wọn ò rí rí. Mo mọ ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún fún ọdún mẹ́rin. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ ni pé òfin yẹn kan náà sọ pé àdéhùn iṣẹ́ lè jẹ́ tẹnu tàbí ti ìwé, àìsí létà lọ́wọ́ ẹ ò sọ pé o kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Kọ́ńtíráàtì wá lèyí tó ń dààmú àwọn èèyàn jù, torí ọ̀nà méjì ló pín sí. Àkọ́kọ́ ni pé ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló gbà ẹ́, àmọ́ ó dá ìgbà fún ẹ, ọdún kan, ọdún méjì, tó bá ti pé wọ́n lè tún un ṣe tàbí kí wọ́n ní ó dàbọ̀. Ìkejì ni ti ẹjẹ́ńsì. Ẹ wọ báńkì lọ, ẹ rí ọmọbìnrin tó ń ka owó fún yín, ó wọ aṣọ tó dáa, orúkọ báńkì wà láyà ẹ̀, mánéjà báńkì ló ń pàṣẹ fún un, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó mú létà ẹ̀ wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ mìíì lẹ máa rí lókè ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ yẹn ni báńkì ń sanwó fún, ilé iṣẹ́ yẹn á yọ tiẹ̀, á wá san èyí tó kù fún ọmọbìnrin yẹn. Lórí ìwé, ẹjẹ́ńsì ni ọ̀gá ẹ̀, ìdí nìyẹn tí báńkì fi lè ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́, kí wọ́n kàn dá a padà fún ẹjẹ́ńsì bí ìgbà téèyàn dá ọjà padà. Èmi náà, abẹ́ ẹjẹ́ńsì ni mo wà lọ́dún tí wọ́n pín ìrẹsì yẹn. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, National Industrial Court, kì í fi gbogbo ìgbà dúró sórí ohun tí ìwé wí, wọ́n máa ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ta ló ń pàṣẹ, ta ló ń fìyà jẹni, iṣẹ́ ta lẹ̀ ń ṣe, wọ́n sì ti gbà nínú àwọn ẹjọ́ kan pé ọ̀gá lè jẹ́ méjì. Àmọ́ kóòtù lèyí o, owó lọ́yà àti sùúrù ló ń gbà.

Pámánẹ́ǹtì lẹni tí gbogbo ayé ń wò lókè, wọ́n sì rò pé ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ ti bọ́. Irọ́ ni jàre. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, òótọ́ ni pé òfin dáàbò bò ẹ́, wọn ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní kó o máa lọ láìtẹ̀lé ìlànà. Àmọ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni, tí wọ́n bá ti fún ẹ ní nótíìsì tó wà nínú àdéhùn, tàbí tí wọ́n san owó tó dúró fún un, wọ́n lè fòpin sí i. Nótíìsì tí òfin sì fi ṣe ìsàlẹ̀ kéré gan-an: ọjọ́ kan péré tó ò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan tó ò bá tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì tó ò bá tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún sókè. Ẹni tó ti lo ọdún márùndínlọ́gbọ̀n àti ẹni tó lo márùn-ún, oṣù kan náà ni. Òfin yìí tiẹ̀ tún ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé lọ́kàn, kò ka mánéjà àtàwọn ọ̀gá ọ́fíìsì mọ́ ọn, létà àwọn yẹn nìkan ló ń gbè wọ́n.

Láàárín àwọn pámánẹ́ǹtì gan-an, ìpele tún wà. Níbi tèmi, déètì kan wà tí gbogbo èèyàn mọ̀ bí ọjọ́ ìbí wọn. Ẹni tó wọlé ṣáájú déètì yẹn ní gírátúítì, ìyẹn owó gọbọi tí wọ́n máa ń san lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó ń kúrò. Ẹni tó wọlé lẹ́yìn ẹ̀ ò ní. Ọ̀sẹ̀ kan ló wà láàárín àwọn méjì kan tí mo mọ̀, ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ Ajé, ìkejì wọlé lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n jọ ṣe intafíù lọ́jọ́ kan náà ni. Ọ̀kan ní, ìkejì ò ní.

Báwo la ṣe débí? Kásúà wà láyé àwọn bàbá wa náà, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ fún yín, àmọ́ ọ̀nà téèyàn ń gbà dé pámánẹ́ǹtì ló jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nígbà yẹn, wọ́n á wo ọwọ́ ẹ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fún ẹ ní létà. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, tí ohun èlò tí wọ́n ń kó wá látòkèèrè gbówó lórí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n ti lè gé owó, owó òṣìṣẹ́ ló sì rọrùn jù láti gé. Ọdún 2004 wá dé. Lóṣù keje ọdún yẹn Báńkì Àpapọ̀ ní kí gbogbo báńkì ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà kó tó di òpin ọdún 2005, báńkì 89 wá di 25. Nígbà tí báńkì mẹ́ta bá para pọ̀ di ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta máa bá ara wọn lórí àga kan náà, kálukú pẹ̀lú létà tiẹ̀ àti owó tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló lọ sílé, àwọn iṣẹ́ bíi ti káúńtà, dírẹ́bà, síkíọ́ríìtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ ẹjẹ́ńsì.

Ọdún 2004 yẹn kan náà, lóṣù kẹfà, ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí òfin pẹ́ńṣọ̀n tuntun, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2014. Òfin yìí dáa, mi ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa, torí kó tó dé, mélòó nínú àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni ló ní pẹ́ńṣọ̀n tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà? Ó ní kí òṣìṣẹ́ máa dá, kí ọ̀gá máa dá, kí owó náà wà lórúkọ òṣìṣẹ́ níbòmíì tí ọwọ́ ọ̀gá ò ní tó o. Àmọ́ òfin yìí ò ní kí ẹnikẹ́ni san gírátúítì. Ó fi ìyẹn sílẹ̀ fún àdéhùn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wá ní, a ò lè máa dá pẹ́ńṣọ̀n ká tún máa to gírátúítì jọ, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò.

Ibi tó wù mí kẹ́ ẹ wò dáadáa rèé. Ẹ fojú inú wo yàrá ìpàdé tí wọ́n ti pinnu nǹkan yẹn. Àwọn mánéjà wà lápá kan, àwọn yúníọ̀nù wà lápá kejì. Mánéjà ní àwọn fẹ́ pa gírátúítì rẹ́. Yúníọ̀nù ní ẹ ò jẹ́ dán an wò, a ó ti géètì pa. Mánéjà wá ní, ó dáa, a ò ní fọwọ́ kan tiyín, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn nìkan la ò ní fún. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn dà? Wọn ò sí ní yàrá yẹn. Òmíràn nínú wọn ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó máa gbẹnu wọn sọ̀rọ̀, wọn ò lè dìbò, nítorí náà orí wọn lẹrù náà já lé. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, àlàáfíà dé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn tí ò sí ní yàrá yẹn ti pọ̀ ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ, inú sì ń bí wọn, wọ́n wá bá àwọn bàbá yìí lórí iṣẹ́ wọ́n ń wò wọ́n bí olè. Mi ò dá àwọn àgbà yẹn lẹ́bi tán, ohun tí wọ́n ti fi ogún ọdún ṣe làálàá fún ni wọ́n dì mú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, wọ́n ta ohun tí kì í ṣe tiwọn.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan o. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2007, yúníọ̀nù àwọn tó ń to mọ́tò, UAW, fọwọ́ sí irú ẹ̀ pẹ̀lú GM, Ford àti Chrysler, kí àwọn tuntun máa gba nǹkan bíi dọ́là 14 ní wákàtí kan níbi táwọn àgbà ti ń gba bí ìlọ́po méjì ẹ̀, lórí ọkọ̀ kan náà. Ìgbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ pé kí ìpele yẹn parẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi sókè jù, wọ́n rí púpọ̀ nínú ẹ̀ gbà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá láàárín.

Ẹ jẹ́ ká fowó ṣe é kó lè yé wa. Ká ní bẹ́síìkì ẹ, ìyẹn owó oṣù gan-an láìtíì fi àlàwánsì kún un, jẹ́ 100,000 náírà lóṣù, àlàwánsì ilé àti ti ọkọ̀ jẹ́ 50,000, lápapọ̀ 150,000. Lórí òfin pẹ́ńṣọ̀n, wọ́n á yọ ìdá 8 nínú 100 lọ́wọ́ ẹ, ìyẹn 12,000, ọ̀gá á fi ìdá 10 kún un, ìyẹn 15,000, ó di 27,000 lóṣù, 324,000 lọ́dún. Èyí, àgbà ń gbà á, tuntun ń gbà á. Ó wá ku gírátúítì. Ká ní hándíbúùkù yín, ìyẹn ìwé ìlànà ilé iṣẹ́, sọ pé bẹ́síìkì oṣù kan fún ọdún kan téèyàn lò. Àgbà tó lo ogún ọdún máa gba mílíọ̀nù méjì náírà lé e, tuntun tó máa lo ogún ọdún tiẹ̀ ò ní gba kọ́bọ̀ lé e. Nǹkan tí wọ́n ń jà lé lórí nìyẹn tí wọn kì í dárúkọ, wọ́n á ní ìrẹsì ni, wọ́n á ní ìkíni ni, pé àwọn ọmọ yìí ò kí àgbà, mílíọ̀nù méjì ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Àmọ́ ó tún ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ tuntun ò rò ó sí, àgbà náà ń gba ìyà tiẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn tí owó ìrànwọ́ epo kúrò lóṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù kẹfà, ọjà gbówó lórí kọjá àfẹnusọ. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ lọ́dún 2024, iye tí ọjà ń jẹ́ lọ́dún 2024 ló máa fi dúnàádúrà. Ẹni tó wọlé lọ́dún 2012 pẹ̀lú 60,000 ńkọ́? Ká ní wọ́n ń fi ìdá 8 nínú 100 kún owó ẹ̀ lọ́dọọdún, láìfo ọdún kankan, ní 2024 ó máa wà ní nǹkan bíi 151,000. Tuntun wọlé pẹ̀lú 180,000, àgbà yìí ni wọ́n sì ní kó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ìyẹn náà dùn wọ akínyẹmí ara? Nítorí náà tí bàbá kan bá ń kanra mọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti jẹ́ kó rí iye tí wọ́n fi gbà yín.

Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Abala 20 Labour Act sọ pé tí iṣẹ́ bá dínkù débi pé èèyàn ti pọ̀ jù, kí ọ̀gá sọ fún yúníọ̀nù tàbí aṣojú òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀ àti iye èèyàn tó kàn, kó sì tẹ̀ lé ìlànà pé ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ jáde, àmọ́ kó wo ìmọ̀ iṣẹ́, agbára àti ìṣeégbọ́kànlé kálukú mọ́ ọn. Tuntun gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́, ọkàn ẹ̀ já, ó rò pé àgbà yìí ló dúró níwájú òun. Àgbà gbọ́ ìdajì kejì, ọkàn tiẹ̀ náà já, torí òun ló gbówó lórí, ẹsẹ̀ sì ti ń ro ó. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ti ba àwọn méjèèjì, iṣẹ́ ló ń bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n yẹn fúnra ẹ̀ sọ fún mi nígbà tó yá pé ohun kan wà lára ẹ̀rọ wa, bí wọ́n ṣe ń fetí gbọ́ ìró bẹ́líìtì kó tó já, tí òun mọ̀ọ́mọ̀ ò kọ́ mi fún odidi ọdún kan. Ó ní òun rò pé ọjọ́ tí mo bá mọ ìyẹn, wọ́n á ní kóun máa lọ. Bẹ́líìtì yẹn já lẹ́ẹ̀mejì lóòru ọdún yẹn, ọjọ́ kejì tó já, díẹ̀ ló kù kó gba ìka mi.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù. Owó yúníọ̀nù, ara owó pámánẹ́ǹtì nìkan ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Kọ́ńtíráàtì ò sí níbẹ̀, ẹlòmíì ní létà òun ni kò gbà kóun wọ yúníọ̀nù. Abala 9 Labour Act lòdì sí ìyẹn, àdéhùn kankan ò gbọ́dọ̀ sọ pé dandan ni kó o wọ yúníọ̀nù tàbí pé o ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, abala 40 ìwé òfin ilẹ̀ wa náà sì fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dara pọ̀ mọ́ yúníọ̀nù. Ìgbà tí wọn ò bá wá fà wọ́n mọ́ra, tí yúníọ̀nù bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, kọ́ńtíráàtì ló ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń yí, wọ́n wá ń pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ìjà yìí gan-an ni wọ́n pa òwe yẹn fún.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé òfin ò sọ pé iṣẹ́ kan náà owó kan náà ni? Ó wà níbẹ̀, abala 17 ìwé òfin 1999 ní kí ìjọba rí i pé owó kan náà wà fún iṣẹ́ kan náà, láìfi ti akọ tàbí abo tàbí ìdí mìíì ṣe. Àmọ́ orí kejì ìwé òfin ló wà, abala 6 sì sọ pé èèyàn ò lè torí orí kejì yẹn nìkan gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Nítorí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ẹ lọ pẹjọ́ lọ́la torí pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń gbà jù yín lọ, ẹ ní kó rọra. Ìjà tó lágbára jù ni èyí tẹ́ ẹ bá gbé dé tábìlì ìdúnàádúrà.

Àwọn nǹkan kan wà tí òfin ò pín sí pámánẹ́ǹtì àti kásúà rárá, kẹ́ ẹ sì dì í mú. Òfin owó gbà-má-bínú fún ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, Employee's Compensation Act ọdún 2010, ka ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà díẹ̀ àti kásúà mọ́ òṣìṣẹ́. Ọ̀gá ló ń san owó yẹn sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó yín. Tí ẹ̀rọ bá gé kásúà níka, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kì í ṣe sítááfù.

Èyí tó dùn mí jù láyé mi ni ọ̀rọ̀ ìyípadà. Mo lo ọdún mẹ́fà lábẹ́ ẹjẹ́ńsì, 2011 sí 2017, kí ilé iṣẹ́ yẹn tó fún mi ní létà pámánẹ́ǹtì. Mo jó, ìyàwó mi jó, a pe àwọn ará ilé. Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo béèrè ọjọ́ líìfù mi, wọ́n ní ọdún kìíní ni mo wà. Ọdún mẹ́fà yẹn ò sí, torí ọ̀gá mìíì ni mo bá ṣe é lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ kan náà ni mo dúró sí, orí bulọ́ọ̀kù kan náà ni mò ń jókòó sí jẹun. Wọ́n kọ ọ́ sínú létà náà, ìlà kan péré, pé iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ létà, mi ò kà á dáadáa torí ayọ̀ ti gbà mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ yín di pámánẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè pé ṣé àwọn ọdún tẹ́yìn yìí máa kà, tí wọ́n bá ní ó máa kà, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà náà, tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ ti gírátúítì pa, ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èyí tó ti jọ. Ṣé wọ́n máa ṣírò ẹ̀ lórí owó oṣù yín tòní, kí wọ́n wá fi pamọ́ títí dọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ rántí ohun tí mílíọ̀nù kan náírà ń rà lọ́dún 2015, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń rà báyìí. Ẹ ní kí wọ́n san án sínú àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n yín lójú ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n máa fi èlé sí i, kó sì wà lórí ìwé.

Pẹ́ńṣọ̀n ńkọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ẹjẹ́ńsì? Dandan ni fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, ẹjẹ́ńsì wo ni ò ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù, wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ iṣẹ́ méje kí wọ́n tó fi owó pẹ́ńṣọ̀n ránṣẹ́, tí wọ́n bá kọjá ẹ̀ owó ìtánràn tí ò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 2 nínú 100 iye tí wọ́n jẹ ni wọ́n á máa san lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má wo péésílíìpù nìkan, torí wọ́n lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ti yọ ọ́ kó má dé ibi tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n yín gan-an ni kẹ́ ẹ ti gba sítétímẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ kà á lóṣooṣù, tẹ́ ẹ bá rí oṣù tó fò, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ti fẹ̀yìn tì. Kó tó lọ, ó fún mi ní hándíbúùkù tiẹ̀, èyí tí wọ́n fún un nígbà tó wọlé ní 1998, ó ti gbó, òróró ẹ̀rọ ti yí i lára. Mo mú un lọ sípàdé yúníọ̀nù, a fi tiẹ̀ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ń kà á ní ìlà ìlà, a sì kọ gbogbo ohun tó ti pòórá láàárín ìwé méjèèjì sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tá a fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn ni pé tí àwa àti mánéjà bá tún fẹ́ jókòó, méjì nínú àwọn kọ́ńtíráàtì gbọ́dọ̀ wà ní yàrá yẹn.